Ìkòkò Kan Ṣoṣo fún Gbogbo Ẹranko

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ dáhùn dáadáa, oúnjẹ ti tán lẹ́nu yín. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó ń yí gbirigbiri. Ó yí kọjá lẹ́yìn ilé Ewúrẹ́, ó yí gba etí odò, ó bọ́ sínú ìkòkò tó wà lórí iná, gbùràgàdà! Ta ló wà nínú ìkòkò náà?

Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n. Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo. Ta ló sì gbé e síbẹ̀? Ẹnu ara rẹ̀ ni. Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀ nídìí iná yẹn, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní ìlú àwọn ẹranko, láyé ọjọ́un, àdúgbò mẹ́ta ló wà. Àwọn ará Òkè-Igi ń gbé lókè: àwọn ẹyẹ àti àwọn ọ̀bọ. Àwọn ará Orí-Ilẹ̀ ló pọ̀ jù: ẹfọ̀n, ewúrẹ́, àgùntàn, àgbọ̀nrín, ajá, ẹ ṣáà máa kà á lọ. Àwọn ará Etí-Odò kò tó nǹkan rárá: ìgbín, alákàn, àti àwọn kéékèèké bíi tiwọn tí wọ́n ń gbé níbi tí ilẹ̀ ti tutù.

Gbogbo wọn ló jọ ń ṣe àáró. Lónìí, gbogbo ìlú á lọ kọ ebè fún Ewúrẹ́. Lọ́la, wọ́n á lọ roko Ọ̀bọ. Lọ́túnla, á kan Alákàn. Kò sí ẹni tí àáró kì í dé oko rẹ̀. Tí oòrùn bá ti dé àtàrí, olóko á kó iṣu sílẹ̀, àdúgbò kọ̀ọ̀kan á gba tirẹ̀, wọ́n á dá iná tiwọn, wọ́n á gbé ìkòkò tiwọn kaná. Àwọn Òkè-Igi á fi ata wẹ́wẹ́ sí tiwọn títí Ajá á fi máa sín lọ́nà jíjìn. Àwọn Orí-Ilẹ̀ á da iyọ̀ sí tiwọn bí ẹní ń da yanrìn. Àwọn Etí-Odò á se tiwọn lásán, láìsí iyọ̀ kankan nínú rẹ̀.

Ìgbín wà nínú àwọn Etí-Odò yìí. Ìyá ọlọ́mọ ni, Ìyá Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ohun tí kì í bà á lẹ́rù. Oòrùn ń bà á lẹ́rù. Pátákò Ẹfọ̀n ń bà á lẹ́rù. Ewé gbígbẹ tó bá dún láàárọ̀ ń bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tó iyọ̀. Iyọ̀ tó ń dùn lẹ́nu Ewúrẹ́, iná ni lára Ìgbín. Tó bá ta sí i lára díẹ̀ báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, á di omi, ó parí. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin sínú ilẹ̀ tútù létí odò ni. Ó fi ewé bò wọ́n. Ojoojúmọ́ ló ń lọ wò wọ́n, á ká ewé náà sókè, á tún un dà bò wọ́n, á lọ, á tún padà wá wò ó bóyá òun dà á bò wọ́n dáadáa.

Ìjàpá ní tirẹ̀ kò fẹ́ràn ọkọ́. Tí wọ́n bá ní kó wá kọ ebè, á ní, "Ẹ wo ẹ̀yìn mi, ẹ fi ibi tó ti lè tẹ̀ hàn mí." Iṣẹ́ tirẹ̀ lóko kò ju kó máa ti ìdí ìkòkò kan bọ́ sí ìdí ìkòkò kejì, kó máa fi imú fa òórùn.

"Ṣé kò ṣẹ́kù?"

"Kò ṣẹ́kù."

Kò lè ṣẹ́kù. Ẹni tó bá se ohun tó ń jẹ, á jẹ ohun tó sè. Ìjàpá lọ jókòó sábẹ́ igi, ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́. Bí wọ́n bá wá ń se ohun tí wọn kì í jẹ ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yí ṣubú. Ó dìde, ó gba ọ̀dọ̀ Ẹfọ̀n tí í ṣe olórí ìlú lọ.

"Ẹ kú ìsinmi, Bàbá."

"Ìjàpá, kí lo tún gbé dé?"

"Ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan ni, Bàbá. Ìlú kan, iná mẹ́ta! Ìlú kan, ìkòkò mẹ́ta! Ṣé àwọn àlejò ò ní máa fi wá ṣẹ̀sín?"

"Àlejò wo?"

"Àwọn tó ń bọ̀."

Ẹfọ̀n wo ọ̀nà. Kò rí àlejò kankan, àmọ́ ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. "Kí ni ká wá ṣe?"

"Ìkòkò kan ṣoṣo. Ohun tí àwọn tó pọ̀ jù bá fẹ́ ni ká sè. Ta ló sì pọ̀ jù?"

Ẹfọ̀n bojú wẹ̀yìn, ó rí àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, àwọn ewúrẹ́, àwọn àgbọ̀nrín. "Ó jọ pé àwa ni."

"N ò sọ nǹkan kan o. Ẹnu yín ló ti jáde."

"Ta ni yóò máa sè é?"

Ìjàpá tẹ orí ba. "Iṣẹ́ ìyà ni, Bàbá. Ẹ gbé e fún mi, màá fara dà á."

"Kí lo máa gbà fún wàhálà rẹ?"

"Kò sí o. Kìkì ohun tí ẹnì kan bá ní òun ò jẹ, kó jẹ́ ti alásè. Kó má kàn bàjẹ́."

Ọjọ́ ìpàdé dé. Ìjàpá gun orí kùkùté, ó dá orin, ó ní kí wọ́n máa gbè é:

Ẹ nawọ́, ẹ nawọ́ sókè o,
Gbàǹdù!
Ìkòkò kan là ń gbé kaná,
Gbàǹdù!
Ẹni tó pọ̀ ni kó wí,
Gbàǹdù!
Ẹni tó kéré kó gbọ́,
Gbàǹdù-gbáńdù, gbàǹdù!

Orin náà dùn. Ewúrẹ́ ń fi pátákò lu ilẹ̀, àwọn ìbejì rẹ̀ ń fò lu ara wọn. Ìgbín fúnra rẹ̀ ti gbè é dáadáa kó tó gbọ́ ohun tí orin náà ń sọ.

"Ẹni tó bá fẹ́ ìkòkò kan, kó nawọ́!"

Ọwọ́ kún ojú ọ̀run.

"Ẹni tí kò bá fẹ́?"

Ìgbín na ìwo rẹ̀ méjèèjì sókè. Ó nà wọ́n títí wọ́n fi ń gbọ̀n. Ìjàpá wo ọ̀tún rẹ̀, ó wo òsì rẹ̀, ó wo òkè orí rẹ̀.

"N ò rí ọwọ́ kankan."

"Èmi rèé!" ni Ìgbín wí. "Mo na ìwo."

"Ìwo kẹ̀! Ìyá Pẹ̀lẹ́, ọwọ́ la ní kí ẹ nà. Ìwo kì í ṣe ọwọ́."

"Ewúrẹ́ ńkọ́? Ṣebí pátákò ló nà!"

"Pátákò àti ọwọ́, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìwo bá orí tan ni. Ìpàdé ti parí!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n kó ìkòkò kéékèèké sẹ́yìn ilé, wọ́n gbé ìkòkò ràgàjì kan jáde, wọ́n fún Ìjàpá ní ìgbakọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, iyọ̀ ló wọlé. Nígbà tí Ìjàpá ń ro àsáró, Ìgbín wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ iná, ó ní, "Alásè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bu tiwa sọ́tọ̀ kí ẹ tó da iyọ̀ sí i."

Ìjàpá dá ìgbakọ dúró lókè. "Sọ́tọ̀? Ìyá Pẹ̀lẹ́, ṣé ẹ fẹ́ pín ìlú yìí ni?"

"Rárá o! Ebi ló ń pa wá."

Ìjàpá da iyọ̀ sí i, ó bu tiwọn. "Ẹ gba èyí."

"Iyọ̀ wà nínú ẹ̀. A ò lè jẹ ẹ́."

"Ó mà ṣe o. Ẹ gbé e padà wá, kó má kàn bàjẹ́." Ó gbé e mì káló.

Ọ̀kánjúwà kì í ní ojú kan. Oúnjẹ àwọn Etí-Odò kò tó Ìjàpá jẹ, wọn ò pọ̀. Ó yọ́ tọ Ọ̀bọ lọ lókè igi. "Ẹ bá Ajá nawọ́ fún ọbẹ̀ eegun lónìí, Ajá á bá yín nawọ́ fún ata lọ́la." Ó yọ́ tọ Ajá lọ, ó sọ ọ́ fún un láti ìdí wá sí orí. Àwọn àgùntàn kò sì le. Àgùntàn kì í béèrè ohun tí wọ́n ń nawọ́ sí. Tó bá ti rí ọwọ́ lókè, á na tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n se eegun. Ewúrẹ́ kò jẹ, Ẹfọ̀n kò jẹ, àgùntàn kò jẹ, àgbọ̀nrín gbọ́ òórùn rẹ̀ ó sá wọ igbó. Ìpín gbogbo wọn, ti alásè. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n se ata. Àwọn ẹyẹ ń ṣa ata jẹ bí ẹní ń jẹ àgbàdo, ṣùgbọ́n Ajá ki orí bọ odò, kò yọ ọ́ títí iṣẹ́ fi parí. Ìpín rẹ̀, ti alásè. Kò sì sẹ́ni tó bínú títí, torí ẹni tí ebi pa lónìí ṣì rántí pé òun ló borí lánàá. Àwọn Etí-Odò nìkan ni wọn ò borí rí. Ìjàpá ń sanra. Ó sanra débi pé igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ń dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀ tó bá ń rìn.

Ìgbín lọ bá Ẹfọ̀n. "Bàbá, ẹ dákun. A jọ ń ṣiṣẹ́, ebi là ń gbé relé."

Ẹfọ̀n kì í ṣe ìkà. Ó mí kanlẹ̀. "Ìyá àwọn ọmọ, mo gbọ́ o. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ti wí. Tí ọ̀pọ̀ bá ti wí, kí lẹnu tèmi fẹ́ sọ?"

Ìjàpá wà lẹ́yìn igi, ó ń gbọ́. Àyà rẹ̀ já. Tí obìnrin yìí bá ń kiri báyìí, ẹnì kan á gbọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ká kúkú pa á lẹ́nu mọ́. Ó sáré tọ àwọn ewúrẹ́ lọ. Ẹ sì mọ̀ pé àpò iyọ̀ ńlá kan wà nílùú, èyí tí àwọn oníṣòwò jù sílẹ̀ lọ́nà lọ́jọ́ tí Ẹfọ̀n yọ sí wọn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni Ìjàpá wí, "títí dìgbà wo lẹ ó fi máa dúró de ọ̀sán kí ẹ tó tọ́ iyọ̀ wò? Ilẹ̀ etí odò yẹn tutù, ó tẹ́jú. Tí a bá da àpò iyọ̀ sí i, á mu ún dáadáa. Ẹ óò máa lá a láàárọ̀, ẹ óò máa lá a nírọ̀lẹ́!"

Àwọn ewúrẹ́ fẹ́ dákú. "Ìgbà wo?"

"Lọ́la. Ẹ ṣáà ti nawọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ìgbín. Ó wọ́ lọ sídìí ẹyin rẹ̀, ó ká ewé sókè. Ó fi ìwo kan ọ̀kan, ó rọ̀ bí ojú. Báwo ló ṣe fẹ́ gbé wọn? Kò lọ́wọ́. Ta ló fẹ́ ké sí? Oòrùn ti ń wọ̀. Tó bá fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ rìn, ilé kan ṣoṣo ló lè dé, ilé Ewúrẹ́ ni.

"Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé o."

"Ìyá Pẹ̀lẹ́! Ẹ wọlé, ẹ wọlé! Ẹ ti gbọ́? Iyọ̀ etí odò, lọ́la! Itọ́ ò dúró lẹ́nu mi láti ìgbà tí mo ti gbọ́."

"Ẹyin mi wà níbẹ̀."

Ewúrẹ́ dá ẹnu jíjẹ dúró. "Níbo?"

"Nínú ilẹ̀ yẹn gan-an."

"Ó mà ṣe o. Ẹ ò lè kó wọn?"

"N ò lọ́wọ́, Ìyá Ìbejì."

"Ó mà ṣe o." Ewúrẹ́ wo ibòmíràn. Kò pẹ́, ẹnu rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. "Ṣùgbọ́n iyọ̀ yẹn dùn, Ìyá Pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yin ò lè mọ̀."

Omijé gun Ìgbín lójú. Ó gbé e mì. Ó rí i pé ẹkún kọ́ ni yóò gba ẹyin sílẹ̀.

"Kò burú. Ẹ jẹ́ ká fi ti ẹyin sílẹ̀. Lọ́jọ́ ọbẹ̀ eegun, kí làwọn ìbejì jẹ?"

"Ẹ má rán mi létí! Ẹní tí mò ń sùn lé ni wọ́n jẹ. Wọ́n tún jẹ fìlà bàbá wọn!"

"Ìpín yín ńkọ́? Ta ló jẹ ẹ́?"

"Alásè."

"Lọ́jọ́ iyọ̀, ta ló jẹ tiwa?"

"Alásè náà ni."

"Lọ́jọ́ tí Ajá ki orí bọ odò, ta ló jẹ ti Ajá?"

Ewúrẹ́ dìde fùú. Irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n. "Alásè! Alásè! Mẹ́ẹ̀ẹ̀! Àwa là ń nawọ́, òun ló ń yó!"

Kò dágbére, ó ti bẹ́ jáde. Ìgbín kò lè sáré, ó ti wá ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń sáré. Kó tó yí ara rẹ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà ti gba ilé Ẹfọ̀n, ó ti gba ìdí odò, ó ti gun orí igi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ewúrẹ́ gbé Ìgbín sáàárín ìwo rẹ̀, ó gbé e lọ sí ìpàdé. Ìjàpá ti dúró lórí kùkùté, àpò iyọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ikùn.

"Alásè," ni Ewúrẹ́ wí, "ọ̀rọ̀ oúnjẹ la máa ń fi ṣáájú. Kí la ó sè lónìí?"

"Ohun tí ọwọ́ bá pọ̀ sí."

Ọ̀bọ na ọrùn láti orí ẹ̀ka. "Ohunkóhun?"

"Ohunkóhun! Ọ̀pọ̀ kì í ṣìnà."

"Tí ẹnì kan ò bá wá fẹ́ ńkọ́?"

"Ẹnì kan! Kí là ń pè ní ẹnì kan? Kó fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀pọ̀ ti wí!"

"Ó dáa." Ọ̀bọ họ abíyá. "Mo ní ká se ọbẹ̀ ìjàpá."

Àgùntàn kan na ọwọ́, kò béèrè. Gbogbo àgùntàn nà tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀bọ nà, àwọn ẹyẹ na apá, Ajá na méjì. Ewúrẹ́ fẹ́ na pátákò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀ ló kù kó da Ìgbín sílẹ̀. Ni wọ́n bá gbé orin: "Ẹni tó pọ̀ ni kó wí! Gbàǹdù! Ẹni tó kéré kó gbọ́! Gbàǹdù-gbáńdù, gbàǹdù!"

"Ẹ̀yin ará," ni Ìjàpá wí, "àwàdà dáa, mo fẹ́ràn àwàdà..." Ojú rẹ̀ ṣe kòńgẹ́ ti ìyàwó rẹ̀. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ti dé ìdajì òkè. "Yánníbo!"

"Apá ló ń ro mí, ọkọ mi. Mo ń nà án ni."

Ẹfọ̀n kì í fo ètò. Ó wú ikọ́. "Ẹni tí kò bá fẹ́?"

Ìjàpá na ọwọ́ ọ̀tún. Ó na ti òsì. Ó rí i pé kò tó. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó na ẹsẹ̀ òsì, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbàgà, ó ń ju mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lókè.

"Ẹnì kan," ni Ẹfọ̀n wí.

Wọ́n gbé e gbùràgàdà sínú ìkòkò. Ajá kó igi sídìí ààrò. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀.

"Iyọ̀ la ó fi sí i!"

"Ata ni!"

"Ẹ fi eegun sí i!"

"Ṣé o ò rí i pé eegun ló wọ̀ láṣọ ni?"

Ìgbín ń rẹ́rìn-ín lórí Ewúrẹ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ìwo rẹ̀ ń jó. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín báyìí. Ó yí ojú, ó rí àpò iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté. Àpò náà ṣì wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ tó gbé e lórí yìí náà ti wò ó, ó fi ahọ́n lá ètè.

Ẹ̀rín kú mọ́ Ìgbín lẹ́nu. Wọ́n á se Ìjàpá, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á nu ẹnu, wọ́n á ní, "Ó ku ọ̀rọ̀ etí odò." Ewúrẹ́ ti ròyìn ẹyin fún wọn lálẹ́ àná, kò sì sẹ́ni tó tíì dá sí i. Tí ọ̀pọ̀ bá lè se ẹnì kan lónìí torí pé òun nìkan ni, kí ló fẹ́ dá wọn dúró níwájú ẹyin tí kò tilẹ̀ lẹ́nu?

"Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀!" ni Ìgbín ké. Ohùn rẹ̀ kéré, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó na ìwo rẹ̀ méjèèjì. "N ò fọwọ́ sí i! Ìwo mi rèé!"

Ọ̀bọ rí i láti òkè. "Ẹ wò ó, Ìyá Pẹ̀lẹ́ ní òun ò fẹ́!"

"Ìwo kì í ṣe ọwọ́!" ni gbogbo wọn dá lóhùn.

"Ọwọ́ ni!" Ohùn kan ló ti inú ìkòkò jáde. "Ọwọ́ gidi ni ìwo! Aláìmọ̀kan wo ló ní kì í ṣe ọwọ́?"

"Ìwọ ni!"

"Mo ti yí padà! Omi yìí ti ń gbóná!"

Ẹfọ̀n fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, wọ́n dákẹ́. "Ìyá àwọn ọmọ, ẹni tó fẹ́ pa ẹyin yín lẹ wá ń gbèjà?"

"N ò gbèjà rẹ̀, Bàbá. Tí ẹ bá fẹ́ nà án, ẹ nà án, èmi náà á bá yín fi ìwo gún un. Ẹyin mi ni mò ń gbèjà. Tí ẹ bá fi ọwọ́ nínà se ẹnì kan jẹ, kí ló kù tí ọwọ́ yín ò lè ṣe? Ẹ̀yin ò bẹ̀rù, torí ẹ pọ̀. Bàbá, lọ́jọ́ ọbẹ̀ eegun, ṣé ẹ pọ̀ lọ́jọ́ náà?"

Ẹfọ̀n wo ilẹ̀. "A ò pọ̀."

"Kí lẹ jẹ?"

"Ewé gbígbẹ."

"Bọ̀dá Ajá, lọ́jọ́ ata ńkọ́?"

"Omi ni mo mu yó," ni Ajá wí.

"Ẹ rí i? Èmi ń kéré lójoojúmọ́, ó ti mọ́ mi lára. Àmọ́ kò sẹ́ni tí kì í kéré lọ́jọ́ kan."

"Òótọ́ ọ̀rọ̀!" ni ti inú ìkòkò. "Ẹ gbọ́ ọ! Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ kíákíá!"

Ẹfọ̀n kì í yára. Ó jókòó, ó tẹ́ ẹsẹ̀. "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká tún un tò. Oko tí àáró ń lọ..."

"Kí ọwọ́ tó pọ̀ pinnu rẹ̀!" ni Ìjàpá ké.

"Ọ̀nà tí gbogbo wa jọ ń gbà..."

"Ọwọ́! Ọwọ́ náà ni!"

"Ohun tó wà nínú ìkòkò àdúgbò kan..."

"Ti àdúgbò náà ni! Kí ẹlòmíràn má ṣí i wò!"

"Ilẹ̀ tí ọmọ ẹnì kan sùn sí..."

"Kí ẹnikẹ́ni má nawọ́ sí i, àfi tí àwọn tó ni ín bá kọ́kọ́ nawọ́! Bàbá, ìrù mi o!"

"Tó bá wá jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá tó kan gbogbo ìlú ńkọ́?" Ẹfọ̀n yíjú sí Ìgbín.

"Kí ọwọ́ pọ̀," ni Ìgbín wí, "kí àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lóhùn sí i. Tí ọ̀kan bá kù, ká jókòó sọ̀rọ̀ sí i."

"Iyọ̀ mi ńkọ́?" ni Ewúrẹ́ wí.

Ewúrẹ́ ò ṣàwàdà rárá. Ìgbín wà lórí rẹ̀, ó ń gbọ́ bí àyà Ewúrẹ́ ṣe ń lù kìkì.

"Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má lá iyọ̀, Ìyá Ìbejì. Ẹ dà á sórí òkè..." Ìgbín tún un rò, ẹ̀rù bà á. "Rárá o, kì í ṣe orí òkè! Tí òjò bá rọ̀, á ṣàn wá bá wa. Ẹ̀yìn òkè lọ́hùn-ún, níbi tí àgbàrá ń gbà lọ sí ìhà kejì."

"Ó jìnnà!"

"Ẹsẹ̀ mẹ́rin lẹ ní. Èmi tí n ò ní kankan ni mo wọ́ dé ilé yín lánàá."

Ewúrẹ́ jẹ ẹnu, ó jẹ ẹnu. Ó kùn. Nígbà tó yá, ó na pátákò kan, kò nà án tán. Àwọn Orí-Ilẹ̀ nà tẹ̀ lé e. Àwọn Òkè-Igi nà. Ẹfọ̀n wú ikọ́. "Etí-Odò ńkọ́?"

Gbogbo ìlú yíjú sí Ìgbín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò sẹ́ni tó dúró dè é rí. Ìwo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, díẹ̀díẹ̀. Ó dúró. Ó tún jáde díẹ̀. Omi inú ìkòkò ti ń hó wọ́ùwọ́ù.

"Ìyá Pẹ̀lẹ́!" ni Ìjàpá ń ké. "Ìyá mi! Ẹ dákun, ẹ yára nà án!"

"Ọmọ mi," ni Ìgbín wí, "bá a ṣe ń nà án níyẹn."

Kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá ó lè yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwo náà dé òkè. Ìgbà náà ni Ajá tó fa Ìjàpá yọ, èéfín ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n kó ìkòkò kéékèèké padà wá láti ẹ̀yìn ilé, kálukú dá iná tirẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ́ lé Ìjàpá lọ́wọ́. Nígbà tó tún ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣàwáwí, Yánníbo ní, "Ọkọ mi, ẹ kọ ebè. Apá ti fẹ́ máa ro mí o." Ẹyin Ìgbín pa, àwọn ọmọ rẹ̀ jáde wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ létí odò, ó sì ń da ewé bò wọ́n bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ń rìn.

Ibi tí mo ti gbé àlọ́ mi rèé, ibẹ̀ náà ni mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí, gbì! Tí mo bá parọ́, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ èrìgì. Tí n ò bá parọ́, kí ẹ gbọ́ ọ ketekete: tó, tó, tó!

Láti ọjọ́ náà ni Ìjàpá ò ti lè fara balẹ̀ láàárín èrò. Tó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó pọ̀, á fa orí wọlé, á fa ọwọ́ wọlé, á fa ẹsẹ̀ wọlé, á sé ilẹ̀kùn mọ́ra. Ó rò pé wọ́n ti fẹ́ nawọ́ sí ọ̀rọ̀ òun ni.